Fífi Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Pamọ́ Sínú Ìgò Kí A Tó Mu Ún

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ẹ mọ̀ dájú pé ọtí yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá dùn lónìí tí a kò sì mu ún, kò ní pẹ́ kí ó tó kan, ẹnu kò sì ní gbà á mọ́. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń rọ ọ́ sínú ìgò, tí wọ́n sì ń dé e pa. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀. Ìgò tí a dé nígbà tí ọtí inú rẹ̀ ṣì ń hó lè bẹ́ lóru tàbí lọ́sàn-án, kí àfọ́kù rẹ̀ sì ba ojú ọmọ tí ń ṣeré nítòsí jẹ́.

Ohun tí ń mú ọtí hó ni ìwúkàrà, ohun alààyè tí ó kéré ju èyí tí ojú lásán lè rí. Louis Pasteur, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, kọ odidi ìwé lórí ọtí bíà àti ìwúkàrà rẹ̀ ní ọdún 1876. Ìwúkàrà a máa jẹ ṣúgà tí ó wà nínú omi àgbàdo. A sì máa sọ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ di ọtí líle, ìdajì yòókù a di afẹ́fẹ́. Nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ náà a bá tirẹ̀ lọ. Nínú ìgò tí a dé, kò rí ọ̀nà jáde, ó sì wọ inú ọtí lọ: òun ni ó ń ta wá lẹ́nu. Bí ó bá wá pọ̀ ju agbára ìgò lọ, ìgò á bẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n ṣúgà tí ó wọ inú ìgò rẹ̀ ti mọ èyí tí ó le jù nínú iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọtí hó tán pátápátá kí ẹ tó rọ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì oníke dára ju ìkòkò aláṣírí lọ fún èyí. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ìdérí rẹ̀, kí ẹnu kejì rọ́bà náà wà nínú ife omi. Afẹ́fẹ́ inú á jáde, ti òde tí ń mú ọtí kan kò sì ní wọlé. Bí omi inú ife kò bá ru mọ́ fún ọjọ́ 3, tí adùn ṣúgà sì ti kúrò lórí ahọ́n, ọtí ti hó tán.

Nígbà náà ni kí ẹ fi ṣúgà díẹ̀ kún un: gíráàmù 6 fún lítà kan. Fún ìgò bíà ńlá, èyí kò ju ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ sè é pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì rò ó pọ̀ mọ́ gbogbo ọtí kí ó lè kárí. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ṣíbí méjì, kí ó lè ta dáadáa, ń wá ìjàǹbá ni.

Ìgò bíà tàbí ti mínírà nìkan ni kí ẹ lò. Ìgò òróró kò nípọn tó. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi àyè tí ó tó ìka méjì sílẹ̀ lókè. Ẹ rọ díẹ̀ sínú ike mínírà kan pẹ̀lú. Ìyẹn ni ẹlẹ́rìí yín: lójoojúmọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá le bí òkúta, ẹ gbé gbogbo ìgò sínú omi tútù tàbí fíríìjì kíákíá.

Ẹ kó àwọn ìgò sínú àpótí, ẹ bò ó, ẹ gbé e sí ibi tí òòrùn kò dé. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 tó nínú ooru ilẹ̀ wa. Ẹ má fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀, nítorí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe bíà ilé iṣẹ́.

Ẹ má ṣe lo àgbàdo tí ó bu, tí ara rẹ̀ ti dúdú tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé. Májèlé aflatoxin lè wà nínú rẹ̀, sísè kì í sì í pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á ní ìgò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ NAFDAC.

Ẹ mú ìgò tutù dáadáa kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ sì rọra dà á. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ó wà nísàlẹ̀ ni ìwúkàrà tí ó ti parí iṣẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ sínú ìgò.