Nígbà tí Ayọ́kẹ́lẹ́ Kò Yọ́ Kẹ́lẹ́ Mọ́

Àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tí ẹṣin kò fà, tí ènìyàn kò tì, tí ó sì ń rìn lọ lójú títì bí ẹni pé ilẹ̀ ni ó ń gbé e, kò ṣèèṣì pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ a sì máa ro ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti lo bí ogún ọdún lókè eèpẹ̀, ogbó ni í máa ro ó. Bàbá Tíṣà, tí ilé wọn kọjú sí tèmi, ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ìdájí, pàápàá lásìkò òjò tí ìrì ti sẹ̀ sára irin mọ́jú, igbe tí ọkọ̀ náà yóò ké, bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà, yóò la àdúgbò já láti òkè dé odò. Àwọn ìyá ọlọ́mọ a sì máa fi í mọ àkókò tí ó yẹ kí wọ́n jí ọmọ iléèwé.

Bẹ́líìtì ni ó ń ké bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i ní iwájú ẹ́ńjìnnì, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì náà dábùú: ọ̀já rọ́bà dúdú kan tí ó lọ́ mọ́ àwọn àgbá irin kéékèèké tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní púlì. Púlì ìsàlẹ̀ ni olórí wọn, nítorí òun ni ó so mọ́ ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Òun ni í fa bẹ́líìtì, tí bẹ́líìtì fi ń fa àwọn yòókù: alternator tí ń rọ iná sínú bátìrì, pọ́ǹpù tí ń gbé omi káàkiri kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù, pọ́ǹpù tí ń mú kí sítíárìn rọ̀ lọ́wọ́, àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fún ọkọ̀ tí ó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ọ̀já ti rí lẹ́yìn abiyamọ ni bẹ́líìtì rí lára ẹ́ńjìnnì: bí ó bá dẹ̀, ọmọ a máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀, bí ó bá fún jù, ọmọ kò ní lè mí.

Awọ àti okùn ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kí John Gates, ará Amẹ́ríkà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Denver, tó gbé bẹ́líìtì onírọ́bà jáde ní ọdún 1917, èyí tí a gé bí lẹ́tà V. Ẹ̀gbẹ́ ni irú èyí fi ń di púlì mú, kì í fi ìdí. Nítorí náà, èyí tí ìdí rẹ̀ bá ti rì dé ìsàlẹ̀ kòtò púlì ti jẹ tán, kò sí bí a ti lè fà á le tí yóò tún ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ ìgbà ẹ̀yìn a máa lo bẹ́líìtì kan ṣoṣo tí ó fẹ̀, tí ó ní ilà wẹ́wẹ́ nínú, irin onísípíríǹgì kan a sì máa fún un fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, irin náà gan-an ni ó lè rẹ̀.

Bẹ́líìtì tí ó bá di púlì mú dáadáa kì í dún. Nígbà tí ó bá ń yọ̀ lórí irin tí ó yẹ kí ó máa fà ni yíyọ̀ náà ń di igbe, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n tó béèrè ibi tí ọkọ̀ ti ń ké, kí wọ́n béèrè ìgbà tí ó ń ké, nítorí ibi tí ọmọ tí ń sunkún bá ń na ọwọ́ sí, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ké ní ìdájí fún ìṣẹ́jú kan tí ó sì dákẹ́, alternator ni ó ń na ọwọ́ sí: bátìrì ti ná agbára láti jí ẹ́ńjìnnì, alternator sì ń sáré dá a padà fún un, ẹrù náà wúwo ju ohun tí bẹ́líìtì tí ó dẹ̀ lè fà lọ. Òun náà ni bí igbe bá ta nígbà tí ẹ tan iná iwájú lálẹ́. Èyí tí ó ń ké nígbà tí ẹ ṣẹ́ sítíárìn dé òpin láti wọ géètì, pọ́ǹpù sítíárìn ni ó ń fi hàn yín. Èyí tí ó sì ń ké nígbà tí ẹ tan amúlétutù, ẹ kò nílò babaláwo.

Ohùn náà kò sì dọ́gba. Igbe gígùn ni ti bẹ́líìtì tí ń yọ̀. Ìró wẹ́wẹ́ tí ń dún tẹ̀léra bí ìrẹ̀ inú koríko, tí ó ń yára bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára, sábà máa ń jẹ́ ti púlì tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò lórí ìlà kan. Ìkùn bí ọlọ tí ń lọ ata gbígbẹ sì ni ti bẹ́rínì, òrùka irin tí púlì fi ń yí, tí ó ti gbó. Ẹ lè fi omi dán an wò: ẹ ta omi díẹ̀ sí inú bẹ́líìtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́. Bí igbe bá dákẹ́ díẹ̀ tí ó tún padà, ẹ lọ wo bí púlì ti tò. Bí ó bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀. Ti bẹ́rínì, ẹ fi ẹnu sukudiráífà gígùn kan ara alternator tàbí pọ́ǹpù, kí ẹ fi etí ti ìdí rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ẹni tí ń kùn. Ṣùgbọ́n ẹ bọ́ agbádá o, ẹ ká ọwọ́ bùbá, kí ìyá tí ó fẹ́ wò ó tú ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. Fáànù tí ń lo iná lè ṣàdédé yí bí ẹ tilẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, Ògún Lákáayé kì í sì í bá ènìyàn ṣàwàdà.

Bí a ti ń wọn ìdẹ̀ bẹ́líìtì kò le. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ wá ibi tí bẹ́líìtì ti gùn jù láàárín púlì méjì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rì tó mílímítà 10 sí 15, ó dára fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ onílẹ́tà V. Ọmọ Àyàn mọ̀ pé ọṣán gángan tí ó dẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ pé èyí tí a fà kọjá ààlà yóò fa awọ ya. Mo ti jìyà èyí rí. Mẹkáníìkì kan tí mo gbọ́kàn lé fi irin tẹ alternator ọkọ̀ mi sẹ́yìn títí bẹ́líìtì fi le gbandi. Igbe dá lójú ẹsẹ̀, mo sanwó, mo dúpẹ́. Oṣù kò yí po tí alternator fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, nítorí pé fífún àfúnjù ti jẹ bẹ́rínì rẹ̀ run. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe ti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Púlì òkè rẹ̀ pín sí méjì, wọ́ṣà pẹlẹbẹ sì wà láàárín. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún bẹ́líìtì yóò yọ wọ́ṣà kan láàárín, yóò fi í síta lábẹ́ nọ́ọ̀tì, apá púlì méjèèjì a súnmọ́ra, bẹ́líìtì a sì gùn sókè. Ìjàpá kò ní omi. Bẹ́líìtì kan náà tí ń yí dínámò, tí ń ṣe iṣẹ́ alternator, ni ó ń yí fáànù tí ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, bí iná pupa tí ń sọ pé dínámò kò ṣiṣẹ́ mọ́ bá tàn níwájú awakọ̀ lójú ọ̀nà, awakọ̀ tí ó gbọ́n kì í sọ pé òun yóò dé ilé ná. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí.

Àwọn kan a máa fi ọṣẹ pa bẹ́líìtì tí ń ké, àwọn kan a fi girísì. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni, òróró a sì máa jẹ rọ́bà. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń dán bíi dígí, tí inú rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tí fọ́nrán rẹ̀ ti yọ síta, ẹ yọ ọ́, kí ẹ mú un dání lọ sí Ládípọ̀ tàbí ibikíbi tí ẹ ti ń ra pátì, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sọ pé gbogbo rẹ̀ ọ̀kan náà ni. Tuntun pàápàá a máa dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ tún un tẹ̀ wò.

Ní Sátidé kan, èmi àti Bàbá Tíṣà dúró ti ọkọ̀ wọn.

“Bàbá, ìgbà wo ni ó máa ń ké jù?”

“Ìdájí ni, ọmọ mi, àti bí mo bá tan iná.”

Mo ta omi sí i, igbe náà sì le sí i. A pa ẹ́ńjìnnì. Àtàǹpàkò mi rì bí ẹni tẹ ẹ̀kọ tútù. Nọ́ọ̀tì tí ó di apá alternator mú ni ó ti tú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fà á sẹ́yìn níwọ̀nba, Bàbá fi sípánà dè é pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ náà jáde ní ìdájí láìfọhùn. Ní aago méje kọjá, mo rí ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kan tí ó ń sáré lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí iléèwé, ọ̀kan kò tíì wọ bàtà, ó sì ń bi gbogbo ẹni tí ó pàdé pé ṣé Bàbá Tíṣà kò sí nílé ni.