Ọ̀nà Ọkọ̀ Orí Òkè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ọ̀nà orí òkè ni ọ̀nà ọkọ̀ tó gun òkè láti ìhà kan, tó gba ibi tó rẹlẹ̀ jù lórí ọ̀wọ́ òkè náà kọjá, tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà kejì. Ibi ìkọjá náà lè jẹ́ àlàfo tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ àpáta tí ọmọ ènìyàn là. Àwọn òkè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ga tó ti Yúróòpù tàbí Éṣíà, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù ọ̀nà orí wọn gan-an, nítorí pé ìdagẹ̀rẹ́ àti ẹrù ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ níbẹ̀.

Àdúgbò Ahougnansou ní ìlú Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, wà níbi tí kò ti sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ìlú náà ga tó nǹkan bí 300 sí 400 mítà sí ojú òkun, ṣùgbọ́n ó tẹ́. Ẹni tó wa ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Yamoussoukro ní gúúsù, tàbí sí Ferkessédougou ní àríwá, kò ní gun òkè gidi kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà etí òkun tí àwọn Yorùbá ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Èjìgbò, ń gbà wálé: Abidjan, Accra, Lomé, Cotonou, Èkó. Ìhà ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà ni òkè wà, ní agbègbè ìlú Man, níbi tí òkè Tonkoui ti ga ju 1,100 mítà lọ. Awakọ̀ tó mọ́ lára láti máa wakọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́ ní láti yí ọwọ́ padà kó tó débẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Ọ̀nà láti Iléṣà sí Adó-Èkìtì gbọ́dọ̀ gun òkè kí ó tó dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó sì ń lọ́ bí ejò láàárín àpáta. Àwọn òkè agbègbè yìí kan náà ló ṣe odi fún Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjí (1877–1893). Ohun tó ṣòro fún ọmọ ogun láti gùn lánàá ni tírélà ń gùn lónìí.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní agbègbè wa ni ti Alédjo, ní orílẹ̀-èdè Togo. Ọ̀wọ́ òkè kan bẹ̀rẹ̀ láti Akwapim ní Ghana, ó gba Togo já, ó sì dé Atacora ní àríwá Benin. Ọ̀nà ńlá Togo tó ń ti Lomé lọ sí Atakpamé, Sokodé, Kara àti Cinkassé ní ibodè Burkina Faso kò lè yẹra fún un. Láàárín Sokodé àti Bafilo, wọ́n la àpáta sí méjì, ọ̀nà sì gba àárín rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ògiri òkúta ní ọ̀tún àti ní òsì. Àwọn arìnrìn-àjò a máa dúró ya fọ́tò níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù kì í sábà ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, torí èbúté Lomé ni ẹrù Burkina Faso àti Niger ti ń wá, ẹrù náà wúwo, ọ̀nà sì há.

Ìgùnkè ń dá ọkọ̀ lágara, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa á. Ọkọ̀ tó wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù, tó sọ̀ kalẹ̀ 300 mítà, ní láti tú agbára kan dànù tó lè mú kí omi tó lé ní 200 lítà hó. Bí bíréèkì nìkan bá ni yóò gba gbogbo ooru náà, yóò gbóná títí kò fi ní di táyà mú mọ́. Nínú ọkọ̀ kékeré, òróró bíréèkì tó ti pẹ́ a máa fa omi sínú. Bí ó bá hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn rì wọlẹ̀ lásán. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ pé kí ó ti wọ jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Àwọn kan a máa fi ọkọ̀ sí fírì kí epo má baà tán. Epo tí wọ́n rí fi pamọ́ kò tó nǹkan, ìdáàbòbò tí ẹ́ńjìnnì ń pèsè sì ti lọ. Igi tí ọmọ ọkọ̀ ń gbé kiri láti fi ti táyà wúlò fún ọkọ̀ tó ti dúró. Kò lè dá èyí tó ń sáré dúró.

Ní àwọn ọdún 2010, ìjọba Togo ṣe ọ̀nà tuntun tó yí Alédjo ká, àti òmíràn tó yí òkè Défalé ká ní àríwá Kara, kí àwọn ọkọ̀ ńlá lè rí ibi tó rọrùn gbà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tó gun orí òkè títẹ́ Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, láti Mayo Selbe lọ sí Nguroje àti Gembu, ló ṣòro jù. Orí òkè náà ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Kùrukùru a máa bò ó nígbà òjò, ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà kì í sì í hàn títí ọkọ̀ yóò fi dé ẹnu rẹ̀. Ní irú gíga bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ti ń fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò sì ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Ọ̀nà Tizi n'Tichka ní Morocco, láàárín Marrakech àti Ouarzazate, ga tó 2,260 mítà, yìnyín sì lè tì í pa ní ìgbà òtútù. Èyí kò sí ní Mambilla, níbi tí òjò àti ilẹ̀ yíyà ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà.