Ìgbà Òdòdó: Fún Àwọn Ará Ajíbọ́dẹ àti Agbègbè Akínyẹlé

Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, 20 tàbí 21 oṣù Ẹrẹ́nà ni ìgbà ìrúwé ń wọlé. Tiwa kì í wo kàlẹ́ńdà. Bí ọyẹ́ bá ti gbọn ewé dànù, àwọn igi kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tanná kí òjò tó dé.

A ní ibi tí a ti lè lọ wò wọ́n. Ọdún 1948 ni Yunifásítì Ìbàdàn dé, ó sì ní ọgbà ewéko tirẹ̀. Ọgbà Agodi dé ní 1967, omíyalé odò Ògùnpa ti 31 oṣù Ògún 1980 bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe ní 2014. Igbó ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàṣẹ ló ń wọ̀ ọ́.

ṢẸ́RẸ́ ÀTI ÈRÈLÈ. Pònpòlà kò ní ewé lórí mọ́, òdòdó pupa nìkan ni. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ bá èyí tó já bọ́ sílẹ̀ lóru. Ìrọ̀lẹ́ ni ti igi igbá, ìyá irú, nítorí àdán ló ń bẹ òdòdó rẹ̀ wò. Àgúnmáníye tí àgbẹ̀ fi ń sọgbà náà ń tanná lásìkò yìí. Máńgòrò àti kajú ń tanná, ẹ má ṣe gbọn ẹ̀ka wọn. Èso ọdún náà ló wà níbẹ̀.

ẸRẸ́NÀ. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, kọfí á funfun báláú. Kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tó fi ń rọ. Ẹni tó ní igi kọfí lẹ́yìn ilé, kí ó pe aládùúgbò rẹ̀ kíá.

IGBE SÍ ÒKÚDU. Àsìkò igi pánṣẹ́kẹ́ nìyí, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ tìtorí rẹ̀ jáde. Ní nǹkan bí 9 Igbe, oòrùn ọ̀sán á wà ní àtàrí wa gan-an, nítorí náà aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ ló dára láti rìn. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ kúrò lábẹ́ igi ńlá. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń já ẹ̀ka.

Ìrìn àjò sí Ọgbà Agodi: láti Ajíbọ́dẹ, ẹ wọ máíkírà dé Òjóò, kí ẹ gba Sáńgò àti Mọ́kọ́lá dé Sẹkitéríàtì, Agodi kò jìnnà síbẹ̀. Owó ẹnu ọ̀nà máa ń yí padà, ẹ béèrè kí ẹ tó kó ọmọ jáde. Ẹ di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ láti ilé, kí ẹ rọ omi sínú ìgò. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà níbi ìgbafẹ́ máa ń wọ́n jù. Igi pánṣẹ́kẹ́ tó wà létí ọ̀nà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ níbi ìgbafẹ́: Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, 29 Ẹrẹ́nà 2027 àti 17 Igbe 2028. Ìtúnu Ààwẹ̀ 2027 á bọ́ sí àyíká 10 Ẹrẹ́nà, bí oṣù bá ṣe lé.

Ẹ má ṣe ká òdòdó ọlọ́gbà. Bí ẹ bá fẹ́ tiyín, ẹ ṣa èso pánṣẹ́kẹ́ gbígbẹ tó ti já bọ́, kí ẹ yọ kóró inú rẹ̀. Èèpo kóró náà le: ẹ da omi gbígbóná lé e, kí ó wà nínú omi náà di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a fọ̀ mọ́, tí a sì lu nídìí, tó fún gbígbìn. Kò sídìí láti ra ìkòkò. Bí ó bá ti hù, ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní Èbìbí, ó kéré tán mítà mẹ́wàá sí ilé, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í lọ jìn, á sì gbé sìmẹ́ńtì sókè. Ó lè gba ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tanná.