ÀÌNÁ ÒKÈ-Ọ̀DÀN ÀTI Ọ̀GÁ ỌKỌ̀ DAVIES: ÌFẸ́ TÍ KÒ KÁNJÚ

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán níbikíbi tí àwọn àgbà bá gbé jókòó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Apá kan á ní kí ìfẹ́ ṣíwájú, kí ìdána tó tẹ̀lé e. Apá kejì á ní rárá o, kí ìyàwó kọ́kọ́ wọlé ná, ìfẹ́ yóò bá a nílé ọkọ. Bí ó bá sì ṣe pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ inú ààfin tí èkejì sì jẹ́ oníṣòwò, ariwo náà á tún pọ̀ sí i. Kí á tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí á gbé ìtàn tọkọtìyàwó kan yẹ̀ wò, tí wọ́n gbé ní Èkó wa yìí ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ sẹ́yìn. Kì í ṣe àlọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni.

Ní ọdún 1848 ni ogun Dàhòmì kó Òkè-Ọ̀dàn, ìlú kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní ilẹ̀ Yewa lónìí. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nígbèkùn. Lára àwọn tí a kó lọ ni ọmọdébìnrin kan tí ó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún, tí ogun náà ti sọ di aláìní baba, aláìní ìyá. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó lò lọ́wọ́ Ọba Gezo ti Dàhòmì.

Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bonetta, wá sí Abomey láti bẹ Gezo pé kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo kò gba ẹ̀bẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó fún àlejò rẹ̀ ní ẹ̀bùn láti mú lọ fún Ọbabìnrin Victoria, ọmọ náà sì wà lára ẹ̀bùn. Forbes kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé bí òun bá kọ̀ ọ́, pípa ni wọn ì bá pa á. Ó ní àwọn ẹrú lásán ni wọ́n ń tà. Àwọn tí a bí ní ilé ire ni wọ́n ń dá sí, kí wọ́n lè fi wọ́n rúbọ lórí ibojì àwọn ẹni ńlá. Ẹ ṣàkíyèsí èyí, ẹ̀yin ará: ohun tí ó mú kí àwọn òyìnbó máa pe ọmọ náà ní ọmọ ọba ni pé a kò tà á, pípa ni a fẹ́ pa á.

Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah, wọ́n fi orúkọ Forbes kún un, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ náà parí rẹ̀: Sarah Forbes Bonetta. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1850 ni a mú un dé iwájú Ọbabìnrin ní Windsor. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òye rẹ̀, ó sì gba ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ́rùn. Forbes kú ní ọdún 1851. Ní ọdún yẹn kan náà a fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ní Freetown, nítorí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu. A mú un padà ní ọdún 1855, a sì fi í sọ́dọ̀ Àlùfáà Schön àti aya rẹ̀ ní Chatham. Schön yìí náà ni ó bá Àlùfáà Ajayi Crowther gun Odò Ọya ní ọdún 1841. Nílé wọn ni Sarah ti dàgbà di wúńdíá. Nígbà tí àkọ́bí Ọbabìnrin ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kìíní ọdún 1858, Sarah wà lára àwọn tí a pè.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ ní Chatham, kí á yí ojú sí apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, kí á wo ọkùnrin náà.

James Pinson Labulo Davies ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1828 ni a bí i ní Bathurst, abúlé kan ní Sierra Leone. Ọmọ Yorùbá ni baba àti ìyá rẹ̀, lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó kàwé ní Freetown, ó ṣe olùkọ́, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi àgbá ja Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ó wà nínú ọkọ̀ kan nínú ogun náà, ó sì fara gbọgbẹ́. Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní ọdún 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ní ọdún 1856 ó sì fi Èkó ṣe ibùjókòó. Owó wọlé fún un, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Nígbà tí Àlùfáà Babington Macaulay fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859, Davies ni ó pèsè owó tí a fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní ọdún yẹn kan náà ó gbé obìnrin kan tí ó ti Havana ní Kúbà wá níyàwó, ṣùgbọ́n kò pé ọdún kan tí ìyàwó náà fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni Davies di opó ọkùnrin nínú ilé olówó.

Ta ni nínú àwọn méjèèjì yìí ni ó ga ju ẹnì kejì lọ? Bí a bá bi ará Windsor, yóò ní Sarah ni: ẹni tí ń wọlé tí ń jáde lọ́dọ̀ Ọbabìnrin, tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, tí ó sì mọ orin. Bí a bá bi ará Èkó, yóò ní Davies ni: ó ní ilé, ó ní ọjà, ó ní ẹbí. Sarah kò ní kọ́bọ̀ kan tí ó lè pè ní tirẹ̀, kò sì mọ ojú ilé baba rẹ̀. Ọ̀kan ní ipò láìní owó, èkejì ní owó láìní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fa aṣọ ńlá kúrò lára àwọn méjèèjì, òwò ẹrú kan náà ni ó fọ́n ìdílé wọn ká.

Davies wá tọrọ Sarah. Ó sì kọ̀.

Àwọn tí ń ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ó kọ̀. Wọ́n mú un kúrò nílé Schön tí ó ti ń pe ìyá ilé ní Màmá, wọ́n fi í sílé àwọn obìnrin àgbàlagbà kan ní òkè Clifton Hill ní Brighton, kí ó lè fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ lẹ́tà sí ìyáàfin Schön, lẹ́tà náà sì wà títí di òní. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò sọ pé ènìyàn rere ni Davies, àti pé bí òun kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ nísinsìnyí, òun yóò kọ́ bí a ti í fẹ́ ẹ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n òun kò gbà pé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ní wọn yóò tún sọ pé ó lówó, àti pé bí òun bá fẹ́ ẹ, òun yóò di ẹni ara òun lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó wá béèrè bóyá kí òun fi àlàáfíà ọkàn òun ṣe pàṣípààrọ̀ owó. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé rárá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọmọbìnrin tí a ti fi ṣe ẹ̀bùn rí láti ọwọ́ ọba kan sí ọwọ́ ọba kejì ni ó kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Kò sí ọ̀kan nínú ìrìn àjò rẹ̀ láti Òkè-Ọ̀dàn tí a bi í léèrè kí a tó gbé e lọ. Níwọ̀n ìgbà tí a ti wá bi í, ó sọ ti inú rẹ̀. Nínú àṣà àwọn baba wa, baba ìyàwó, ìyá rẹ̀ àti gbogbo ìdílé ni ìbá dúró tì í ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Alárenà ìbá máa lọ, ìbá máa bọ̀, títí a ó fi gbọ́ ìjọ́hẹn. Sarah kò ní ẹnì kan. Àwọn tí ń bọ́ ọ náà ni wọ́n ń rọ̀ ọ́.

Nígbẹ̀yìn, ó gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862 ni a so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Nicholas ní Brighton. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá ni ó kó àwọn àlejò wá. Obìnrin òyìnbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin dúdú, obìnrin dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin òyìnbó, gbogbo ìlú sì rọ́ wá wòran. Ọkọ jẹ́ ọmọ ọdún 34, ìyàwó sì tó bí ọmọ ọdún 19. Nígbà tí ó tó àkókò àtifọwọ́ síwèé, ìyàwó kò kọ Sarah ṣáájú. Ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, Ina. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé Àìná ni, orúkọ àmútọ̀runwá tí à ń fún ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá ní ọwọ́ àjèjì, kò gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ní oṣù kẹsàn-án, Camille Silvy, ayàwòrán ará Faransé kan ní London, fi ẹ̀rọ ya àwòrán tọkọtìyàwó náà, àwòrán wọ̀nyí ṣì wà ní ìpamọ́ ní London. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọrí sí ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi Èkó ṣe ilé.

Díẹ̀díẹ̀ ni ejò í gun àgbọn. Ní ọdún 1863 ni wọ́n bí àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin. Ọbabìnrin gbà kí a fi orúkọ òun sọ ọ́ ní Victoria, ó ṣe ìyá ìsàmì fún un, ó sì fi ife wúrà ránṣẹ́. Ní ọdún 1867 Sarah gbé ọmọ náà lọ kí i. Arthur tẹ̀lé e ní ọdún 1871, Stella sì tẹ̀lé e ní ọdún 1873.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró síbi kan. Ní àárín àwọn ọdún 1870 sí 1880, gbèsè wọ inú òwò Davies. Àwọn tí ó jẹ lówó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ sílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di ìwógbèsè. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń kà wá mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ilé tí ó kún fún àlejò lánàá bá dákẹ́ lónìí. Owó tí wọ́n fi ń tan Sarah ní Brighton, tí ó ní òun kò ní fi àlàáfíà òun rà, owó náà ti fò lọ. Sarah kò lọ.

Ikọ́-ife ni ó wá dojú kọ ọ́. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Madeira nítorí afẹ́fẹ́ rere ibẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti kú ní Funchal, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1880. Ọdún méjìdínlógún àti ọjọ́ kan ni ó lò nínú ìgbéyàwó náà. Victoria ọmọ rẹ̀ ń lọ kí Ọbabìnrin nígbà náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó gbọ́ ìròyìn ikú ìyá rẹ̀.

Kí ni Davies ṣe? Ó ti kọrí sí oko ní Ijon, lápá ìwọ̀ oòrùn Èkó, níbi tí ó ti gbin kòkó ní nǹkan bí ọdún 1880, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó gbìn ín nílẹ̀ wa. Láti àwọn oko àdúgbò Agége ni ìmọ̀ náà ti tàn lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Nínú oko yìí ni ó gbé ọwọ̀n òkúta kan dúró sí ní ìrántí aya rẹ̀, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Davies wà láàyè títí di ọdún 1906.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ẹjọ́ wa. Àwọn àgbà ní, ẹni tí a fẹ́ ni a mọ̀, a kò mọ ẹni tí ó fẹ́ ni. Àwọn tí ó ní kí ìfẹ́ ṣíwájú yóò fi lẹ́tà Brighton ṣe ẹ̀rí, wọn kò sì jẹ̀bi: ohùn ọmọbìnrin tí ó ní òun kò fẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ní ìfẹ́ ń bá ìyàwó nílé ọkọ yóò fi òkúta Ijon ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ilé ọkọ nìkan kọ́ ni ó mú un wá. Ọjọ́ kan tẹ̀lé ọjọ́ kan ni: ọmọ, àìsàn, gbèsè, àti ẹni tí kò sá.

Ọlọ́rọ̀ ni ó wá tọrọ Sarah, ó sì kọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ tí ọrọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó gbé òkúta dúró fún un. Ẹ̀yin òbí tí ń fi owó tan ọmọbìnrin yín sílé ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkùnrin méjì yìí, tí wọ́n jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.