Róbótó tí wọ́n fi ẹfun yà: bí ìjà idà ṣe di ìṣirò ní Sípéènì

Ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ na ọwọ́ ọ̀tún tààrà ní ọ̀gangan èjìká, kí orí ìka ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kan ara ògiri. Ẹ má yẹsẹ̀ o. Ó yá, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ìka á kúrò lára ògiri. Ọwọ́ tó bá dọ́gba pẹ̀lú èjìká ló ń gùn jù. Bí idà bá wà ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀tá tó bá fẹ́ gba iwájú wọlé á fi àyà ara rẹ̀ pàdé ṣóńṣó orí idà náà.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kékeré yìí di ìwé ńlá ni Jerónimo Sánchez de Carranza, ọmọ ìlú Seville. Ó parí ìwé náà ní 1569, ṣùgbọ́n ó di 1582 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní Sanlúcar de Barrameda. Láyé ìgbà náà, ọkùnrin tó bá ka ara rẹ̀ kún èèyàn ní Sípéènì kì í jáde láìfi idà há ìbàdí, ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ sì lè di ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ni níjà wà nígboro. Ẹni tó bá fẹ́ dọ̀gá á kọ́kọ́ jà níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ kí ó tó gbàwé àṣẹ. Ẹ̀kọ́ wọn kò ju ọwọ́ dé ọwọ́ lọ: ẹ̀tàn kan rèé, ọgbọ́n kan rèé, bó bá ṣe báyìí, ìwọ náà ṣe tọ̀hún. Carranza fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo rẹ̀. Lójú tirẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni, wọn kò mọ ìdí ẹ̀. Tirẹ̀ di La Verdadera Destreza, ojúlówó ìmọ̀. Ti àwọn ará ìgboro di ti gbáàtúù.

Jiọ́mẹ́tírì ni ìdí tó ń sọ. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fi ẹfun ya róbótó kan sílẹ̀, tí ẹni méjì dúró létí rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Ìlà tó la àárín kọjá ló yá jù láti gbà dọ́dọ̀ ọ̀tá, òun náà ló sì ń pani jù. Akẹ́kọ̀ọ́ Carranza kì í gba ibẹ̀. Etí róbótó ló ń tọ̀, ní ìdúró ṣánṣán, kò lóṣòó, kò fò, bí ẹni tó ń yí odi ìlú ká tó ń wá ibi tí odi ti lanu. Bó bá rí i, á gbé idà rẹ̀ lé ti ọ̀tá lórí. Kò ní fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí ìgbà tí àgbà bá gbọ́wọ́ lé èjìká ọmọ tó fẹ́ sáré ni. Atajo ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, idà ọ̀tá gbọ́dọ̀ rìn yípo kó tó débi tó ń lọ, tìrẹ á sì ti débẹ̀ ṣáájú.

Luis Pacheco de Narváez, ọmọ Baeza, ló gbé e dé ààfin. Nígbà tí ìwé tirẹ̀ jáde ní Madrid ní 1600, Carranza ni bàbá ìsàlẹ̀; nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá rinlẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀ fáyé gbọ́. Òun ló kọ́ Ọba Felipe Kẹrin ní idà. Ẹni tí kò gba tirẹ̀ ni Quevedo òǹkọ̀wé, tó ń tiro, tí ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà. Ìtàn tí wọ́n máa ń pa ni pé àwọn méjèèjì gbé idà síra wọn láwùjọ, ni Quevedo bá fi idà ṣí fìlà lórí ọ̀gá. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú ìtàn àròsọ rẹ̀, El Buscón, tó jáde ní 1626, ó dá wèrè onídà kan sílẹ̀ tó ń fi ìgbakọ méjì ṣàlàyé ìjà nílé èrò. Ọ̀gá ìgboro kan já wọlé, wèrè yọ kọ́ńpáàsì, ó ní obtuso ni igun yìí, ìyẹn ni pé ó fẹ̀. Ọ̀gá náà rò pé orúkọ èèyàn ló ń pè, ó fèsì pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ló bá fa ọ̀bẹ yọ. Ẹ̀rín pa mí.

Lẹ́yìn tí ìdílé ọba Faransé gorí ìtẹ́ Sípéènì ní 1700, ìjà idà ti Faransé bá wọn wọlé, ti Carranza bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kódà navaja, ọ̀bẹ kíká àwọn mẹ̀kúnnù, rí ìwé tirẹ̀ ní Madrid ní 1849.

Àwọn ọ̀gá ìgboro tó gbóná jù lójú ìjà ńkọ́? Púpọ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ bá wọn wọ sàréè. Ìwé kan ṣoṣo la mọ̀ tó ṣàlàyé ti gbáàtúù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ sì ni Domingo Luis Godinho fi kọ ọ́ ní 1599, wọn kò tẹ̀ ẹ́ láyé ìgbà náà. Àwọn oníkọ́ńpáàsì tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ló ní ìwé jọ nílé ìkàwé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn ní Sípéènì àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìjà yìí dìde láti bí ọdún 1990 síwájú, ojú ìwé Carranza àti Pacheco ni wọ́n ṣí, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí ibi tó yẹ kí gìgísẹ̀ wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní á wọ ìbòjú oníwáyà àti aṣọ tó ki. Idà rẹ̀ kò mú, wọ́n sì ti dí orí rẹ̀. Kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọwọ́ ló máa nà ní ọ̀gangan èjìká, idà tó ju kìlógíráàmù kan lọ díẹ̀ á wà níbẹ̀, òun á sì máa rìn yí etí róbótó. Láìpẹ́ èjìká á máa ta á, orí idà á máa rọ̀ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́ á kọjá, á fi ìka kan gbé e padà sókè, á sì bá tirẹ̀ lọ.