Ẹni Tó Ń Sá Fún Òtútù Lọ Sí Bahamas

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, nígbà tí yìnyín bá bo títì Chicago mọ́lẹ̀, kì í ṣe gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló rí owó tàbí àyè láti wálé. Ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi, láti Miami lọ sí Nassau, olú ìlú Bahamas, a máa rọ irú wọn lọ́rùn.

Alẹ́ kan péré ni ọkọ̀ fi ń débẹ̀. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló yí erékùṣù náà ká, ooru ọ̀sán a sì máa tó ìwọ̀n 25 Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Afẹ́fẹ́ tútù a máa fẹ́ débẹ̀ nígbà mìíràn o, kí arìnrìn-àjò mú ẹ̀wù àwọ̀lékè kan dání.

Ọjọ́ ìlọ gan-an ni wàhálà wà. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní òun yóò wọ bàálù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí yìnyín bá dí pápákọ̀ òfurufú, owó rẹ̀ lè wọgbó. Ó yẹ kó ti sùn sí Miami mọ́jú. Bahamas kì í sì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà: ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú un dání pẹ̀lú gíríìnì káàdì rẹ̀.

Bí ó bá dé Nassau, tó gbọ́ tí wọ́n ń pe àjọ tí wọ́n ń dá ní “asue”, kó má yà á lẹ́nu. Èésú ni. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì já sí Bahamas. Àwọn yẹn kò bá ti ìsinmi débẹ̀.