Kí wọ́n tó hú ohun abúgbàmù, ẹnu ará abúlé ni wọ́n ti ń wádìí

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ìbúgbàmù kan mi ìlú Ìbàdàn tìtì, ilé púpọ̀ sì bà jẹ́ ní Bódìjà. Èèyàn márùn-ún ló bá a lọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Irú àwọn awakùsà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Òkè-Ògùn. Bí wọ́n bá ṣí kúrò nínú igbó kan, ta ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n fi nǹkan sílẹ̀?

Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń hú bọ́ǹbù, bíi àjọ MAG tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó lọ́dún 2016, kì í fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀.

Ká ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí ni wọ́n wá, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bá ọdẹ, darandaran, àwọn tó ń ṣa irin àlòkù, àti àwọn obìnrin tó ń ṣa èso tí a fi ń ṣe òrí sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Obìnrin a máa wà nínú àwọn olùwádìí, nítorí ohun tí ìyàwó ilé rí lọ́nà odò lè má dé etí àlejò ọkùnrin.

Wọn kì í déédéé bèèrè pé, “Ṣé bọ́ǹbù wà níbí?” Ìpayà ni ìyẹn ń dá sílẹ̀. Ọ̀nà wo lẹ ti pa tì, láti ìgbà wo? Ṣé ẹran kan ti fara pa níbẹ̀? Níbo lẹ ti gbọ́ ìró? Wọn a yàwòrán ibẹ̀ sórí ilẹ̀, wọn a sì dúró lójú ọ̀nà tí èèyàn ń rìn láti wo ọ̀kánkán. Ibi tí onílé kò bá tẹ̀, wọn kì í tẹ̀ ẹ́.

Àkọsílẹ̀ ló le jù lójú tèmi. Ibi tí wọ́n fura sí yàtọ̀ sí ibi tí ẹ̀rí wà. Bí wọ́n bá tìtorí àhesọ pe gbogbo pápá ní eléwu, àgbẹ̀ pàdánù oko iṣu rẹ̀ lásán nìyẹn, owó iṣẹ́ á sì ṣòfò sórí ilẹ̀ òfìfo. Bí wọ́n bá fo ibi kan, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ilẹ̀ tí katakata ti ń ro fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ewu, ẹ̀rí ni ìyẹn náà.

Ohun tí awakùsà fi ń ta iná sí dáínámáìtì kò tóbi: ọ̀pá irin tín-ín-rín ni, tó ní wáyà méjì. Ọmọdé lè fi ṣeré. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án; ọ̀nà tó gbà wá ni kó gbà padà, kó sọ fún baálẹ̀, kí ìyẹn sì pe àwọn ọlọ́pàá, nítorí wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù.